Bí Ẹni Tó Ti Lé Ní 45 Ọdún Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Ìtìjú Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Lọ

Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àkọ́bí mi obìnrin, bàbá ọkọ rẹ̀ kọjú sí mi nígbà tí a ń jẹun, ó ní, "Àna mi, ilé-ẹ̀kọ́ wo lẹ ti jáde ní tiyín?" Mo ní, "Ìbàdàn ni, sà." N kò purọ́, nítorí ìlú Ìbàdàn ni Pólì tí mo ti gba HND, ìwé ẹ̀rí tó ga jù ní pólì, wà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yunifásítì ló máa wá sí i lọ́kàn, ohun tí mo sì fẹ́ kó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ibẹ̀ ni òun náà ti jáde, ó wá ń béèrè ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo gbé. Mo dáhùn pé ìta ni mo gbé. Ọmọkùnrin mi tó jókòó tì mí, tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, dorí kodò, ó ń fi ṣíbí tú ìrẹsì iwájú rẹ̀ kiri láìbu ọ̀kankan sẹ́nu. Ẹni ọdún 52 ni mí lọ́jọ́ náà. Akáǹtáǹtì ni mí, àwọn tó ní dìgírì sì pọ̀ nínú àwọn tí mo ń bojú tó iṣẹ́ wọn, síbẹ̀ n kò lè fi ẹnu ara mi dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ mí di akáǹtáǹtì.

Irú wa ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹni tó ti lé ní 45 ọdún, tó gba HND tàbí NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tàbí tí kò tiẹ̀ kọjá ìwé mẹ́wàá, tí ara rẹ̀ máa ń bù ú máṣọ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yunifásítì bá délẹ̀. Apá kan rẹ̀ tún wà fún àwọn tó lọ yunifásítì tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹlòmíràn, nítorí mo ti wá gbà pé ìbẹ̀rù kan náà ló ń da gbogbo wa láàmú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọgbẹ́ yìí ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ní 1934 tí ìjọba amúnisìn ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá, dípúlómà ni wọ́n ń fún àwọn tó bá jáde níbẹ̀, kì í ṣe dìgírì, iṣẹ́ igbákejì òyìnbó ni wọ́n sì ń tọ́ wọn fún. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ọ̀dọ́ alákọ̀wé Èkó nínú débi pé wọ́n torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yábàá lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń gba dìgírì ti London. Ìjọba tiwa náà wá fi òǹtẹ̀ lu ìyàtọ̀ yìí: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele 07 ni ẹni tó ní HND fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọba nígbà tí ẹni tó ní dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní 08, ẹni HND kì í sì í kọjá ìpele 14. Ẹni tí wọ́n ń ṣe báyìí sí ti lo ọdún 2 fún ND, dípúlómà àkọ́kọ́ ní pólì, ọdún 1 fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, àti ọdún 2 mìíràn fún HND. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni. Mo fẹ́ kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe rò pé ọpọlọ yín ló kéré.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí àìní dìgírì ti dí yín lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́: ìgbéga tí wọn kò fún yín, fọ́ọ̀mù máàsítáàsì tí wọ́n dá padà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ gbogbo ìgbà tó kàn dùn yín tí ohunkóhun kò sì ti ọwọ́ yín bọ́. Nínú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló wà lápá òsì, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kún dé etí ìwé. Ohun tó wà lápá òsì ni ìwé ẹ̀rí lè wò sàn. Mo mọ àwọn tó gba máàsítáàsì méjì nítorí apá ọ̀tún tí ojú ṣì ń tì wọ́n.

Bí apá òsì yín bá wúwo, ẹ padà sílé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ orí kò dí i. Yunifásítì Gbogboògbò ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ń pè ní NOUN, kò béèrè ìdánwò JAMB lọ́wọ́ ẹni tó bá ní kírẹ́díìtì 5 nínú ìwé mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, nígbà tí bàbá ti pé 80 ọdún. Ẹni tó ní HND tó dára lè gba PGD, dípúlómà tó ń ṣí ọ̀nà sí máàsítáàsì, tí kì í sábà ju ọdún kan lọ, kó tó wọ máàsítáàsì. Fún àwa oníṣirò owó, ẹ̀rí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, kì í béèrè bóyá pólì ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiránsíkiríìbù yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì yín láti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, nítorí ó lè pẹ́ ju ẹ̀kọ́ gan-an lọ, kí ẹ sì yẹ orúkọ tó wà lórí gbogbo ìwé wò. Obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ yóò nílò ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́. Ẹ̀yin tí NYSC ń dẹ́rù bà, ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún nígbà tó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún un. Ẹ sì rántí pé Awólọ́wọ̀ ti pé 37 ọdún kó tó di lọ́yà ní 1946, ó sì ti ń dá kàwé fún dìgírì London nílé ṣáájú, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti gbèsè lọ́rùn.

Ẹ má ṣe ra oyè. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹni ọdún 50, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ pupa, wọn a ní ó ti di Dókítà. Ojúlówó oyè ìdánilọ́lá pàápàá, àwọn gíwá yunifásítì ti fẹnu kò ní Keffi ní 2012 pé ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ fi máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà.

Ní ti apá ọ̀tún, ẹnu ni ẹ máa kọ́. Ẹ pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín tán pátápátá, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ kọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣe fi "pólì lásán ni" kún un, ẹ má ṣe sọ pé owó ni kò sí nígbà náà. Ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù, nítorí náà ẹ fi ilé bẹ̀rẹ̀. Nínú mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni ọmọkùnrin mi bi mí pé, "Dádì, kí ló burú nínú Pólì?" Èmi tí mo sọ fún un ní ọdún tó ṣáájú pé kó tún JAMB ṣe lẹ́ẹ̀kẹta dípò kó gba ààyè ND tó rí, n kò rí èsì fọ̀. Ẹ má ṣe fi ọdún ọmọ san gbèsè ìtìjú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ yunifásítì, ẹ má ṣe fi "Ilé-ẹ̀kọ́ wo lẹ lọ?" ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni kí ẹ bi í. Bí ẹ bá ń yan òṣìṣẹ́, ẹ ka ohun tó ti ṣe kí ẹ tó wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá kò lò ju ọdún 6 lọ nílé-ìwé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London ní 1952, àwọn alákọ̀wé wa ló kọ́kọ́ ń tijú èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí òyìnbó má baà rò pé bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á lálejò gẹ́gẹ́ bí onímọ̀. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bojú wo ẹlòmíràn nílẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo lọ bá àna mi nílé. Mo ní, "Sà, Pólì Ìbàdàn ni mo lọ. Mo gba HND níbẹ̀ ní 1997. Akáǹtì ni mo kọ́." Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́ díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ṣe JAMB kí òun tó wọlé, àti pé òun kò tíì sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun rí.