Láti Heathrow Dé Adó-Èkìtì: Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó àti Owó Tó Lè Tọ́ sí Yín

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kété tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Bìrìtéènì, ẹ kú àtìpó o. Bí ọdún tàbí òkú àgbà bá ń pè yín sílé, iye tíkẹ́ẹ̀tì la máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó pẹ̀lú, torí kìlómítà ni òfin ibẹ̀ fi ń díwọ̀n owó gbà-má-bínú fún èrò tí bàálù rẹ̀ bá pẹ́ dé.

Heathrow sí Ìkẹjà tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Bàálù tí kò yà síbì kankan ń lo bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù March títí di èyí tó gbẹ̀yìn October, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Nígbà òtútù, ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó bá gbéra ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ní December, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa balẹ̀ l'Ékòó. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín.

Òfin tí wọ́n ń pè ní UK261 wá rèé. Bàálù yòówù tó bá gbéra láti Bìrìtéènì wà lábẹ́ rẹ̀. Ti Èkó bọ̀ ńkọ́? Àyàfi bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Bìrìtéènì tàbí ti Yúróòpù. Tí ọ̀nà bá ju 3,500 kìlómítà lọ, bíi tiwa yìí, tí ẹ sì fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé, £520 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, £260. Ọmọ tí ẹ san owó ìjókòó rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì, £2,080 nìyẹn! Bó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ló bàjẹ́, ilé iṣẹ́ bàálù ò ní san án, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ibi tí ẹ máa sùn ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn bàálù ni òfin kà sí ìgbà tí ẹ dé, kì í ṣe ìgbà tí táyà kanlẹ̀. Ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ má sì ju ìwé tí ẹ fi wọ bàálù sọ nù. Bí wọ́n bá ní àwọn máa fún yín ní ìwé tí ẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ lè ní owó lẹ fẹ́. Ní England, ọdún mẹ́fà lẹ ní láti béèrè. Ní Scotland, márùn-ún.

Èkó sí Àkúrẹ́ kò tó wákàtí kan lófurufú, àti Àkúrẹ́ sí Adó bíi 50 kìlómítà lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ra ti Àkúrẹ́ lọ́tọ̀, tí ti Lọ́ńdọ̀nù sì pẹ́ débi tí ti Àkúrẹ́ fi lọ láìdúró dè yín, ẹ̀yin lẹ máa tún òmíràn rà. Ilé tí bàálù abẹ́lé ń lò l'Ékòó kò sì sí lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ti òkè òkun. Ọkọ̀ lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ sùn l'Ékòó, kí ẹ mú ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà Ìbàdàn, Iléṣà àti Àrámọkọ wọlé, kó dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó gbéra.