Bí Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi Ṣe Di Ibi Tí Ọ̀kadà Oníná Ti Ń Gba Ṣáájì

Láyé fóònù oníbọ́tìnì, ṣíṣáájì fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Wàá san àádọ́ta náírà, màá fún ẹ ní táàlì, wàá padà wá mú fóònù ẹ nírọ̀lẹ́. Páwà báǹkì ló pa iṣẹ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé orí ọ̀kadà ni yóò gùn padà wá bá mi.

Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tó máa ń bá àwọn ọlọ́jà gbé ẹrù kiri ló fà á. Látọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí epo sì ń gbówó lérí, ni ọ̀kadà oníbátìrì ti ń wu àwọn ọlọ́kadà. Àwọn méjì yìí gbé tiwọn wá, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ki bátìrì yìí bọ iná." Mo ki bátìrì méjèèjì bọ ẹ́sìtẹ́ńṣàn tí mo fi ń ṣáájì fóònù tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí òórùn ike jíjó fi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ẹ́sìtẹ́ńṣàn ti yọ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá oníṣẹ́ iná tí mo pè wo wáyà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ lo fi ń fa màlúù." Wáyà 4mm ló fà tààrà láti ìdí mítà, ó fi bíréékà tirẹ̀ sí i, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ri irin ẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, mọ́ èédú àti iyọ̀ níbẹ̀. Ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sára ògiri níta, lábẹ́ òrùlé tí òjò ò ti lè nà án. Èmi ni mo ní kó fi mítà kékeré tó ń ka yúnìtì sí i. Ó rò pé mò ń náwó nínàákúnàá.

Mítà yẹn ló là mí lójú. Bátìrì kan, láti òfìfo títí tó fi kún, máa ń jẹ yúnìtì mẹ́ta ó lé díẹ̀, láàárín bíi wákàtí mẹ́rin. Band A la wà ládùúgbò wa, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́. Inú oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé yúnìtì kan láti ₦68 lọ sí ₦225, kó tó wá padà sí nǹkan bíi ₦209. Bátìrì kan ń jẹ mí ní nǹkan bíi ₦700, mo sì ń gba ₦1,000. Ọ̀ọ́dúnrún náírà lórí wákàtí mẹ́rin! Ó kù díẹ̀ kí n fà á tu.

Bẹ́ǹṣì ló yí i padà. Mo gbé e síta nítorí pé àánú àwọn ọlọ́kadà ń ṣe mí nínú oòrùn, àṣé ẹni tó bá jókòó fún wákàtí mẹ́rin yóò mu omi tútù, yóò jẹ bisikíìtì, yóò ra káàdì, yóò gba owó lórí POS. Èrè omi tútù nìkan ti ju ti iná lọ. Ìyá alámàlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló máa ń gbé ìkòkò sílẹ̀, ti ń tètè dáná báyìí. Télọ̀ òdìkejì náà rí ẹni tó ń bá a gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kúkú ti wà lórí ìjókòó.

Tí iná bá lọ, mi ò kì í tan jẹnẹrétọ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, owó epo tí mo sun ju gbogbo ohun tí mo gbà lọ. Ẹni tí kò bá lè dúró á yọ bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, màá so táàlì mọ́ ọn, màá fún un ní ìkejì táàlì náà. Kò sí táàlì, kò sí bátìrì. Ojú mi ti rí tó nígbà fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onímárúwá oníná kan yà. Bátìrì tirẹ̀ kò ṣeé yọ, ó sì tóbi ju ti ọ̀kadà lọ. Mo ní kó ní sùúrù kí bàbá oníṣẹ́ iná wá bá mi wo wáyà ná. Ó ní kò burú. Ó páàkì síbẹ̀, ó lọ bi ìyá alámàlà bóyá gbẹ̀gìrì ṣì wà.