Máníjà Họ́ọ̀lù Kì Í Ṣe Kọ̀dínétọ̀ Yín: Àṣìṣe Táwọn Tó Ń Múra Ìgbéyàwó Máa Ń Ṣe

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń múra ìgbéyàwó, tí ara mi sì máa ń bù máṣọ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ: "A ò nílò kọ̀dínétọ̀ o, họ́ọ̀lù tá a gbà ti ní máníjà." Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó wò ó. Ẹni tó ni họ́ọ̀lù ló ń sanwó fún máníjà. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á ni kí ilé wà ní mímọ́, kí iná máa tàn, kí omi wà ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, kí èrò má pọ̀ ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí pé ilé lè gbà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn lásìkò. Kọ̀dínétọ̀ ní tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbà á. Òun ló ń kọ ètò ọjọ́ náà sílẹ̀ láti wákàtí kan sí òmíràn, òun ló ń pe alásè, ayàwòrán, àwọn olórin àti awakọ̀, òun ló mọ àpò ẹni tí òrùka wà. Tí nǹkan kan bá dáa fún ilé àmọ́ tí kò dáa fún yín, ẹ̀yìn ẹni tó ni ilé ni máníjà máa wà. Kì í ṣe ìkà, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Àwọn míì á ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé kọ̀dínétọ̀ wà nínú owó tá a san." Orúkọ lásán nìyẹn, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹni náà á wà níbẹ̀ títí àlejò tó kẹ́yìn á fi lọ? Ṣé tiwa nìkan ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé á pe àwọn oníṣẹ́ tí kì í ṣe ti họ́ọ̀lù tí wọ́n bá pẹ́? Ṣé òun ló máa to àwọn tó ń bá ìyàwó wọlé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé á ṣílẹ̀kùn, á fi ibi tí wọ́n á ja ẹrù sí han àwọn oníṣẹ́, á sì rí i pé tábìlì wà bó ṣe wà nínú àwòrán. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ iṣẹ́ ilé ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣèlérí lẹ́nu, kó wọnú ìwé àdéhùn, torí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mú yín yí họ́ọ̀lù ká lónìí lè jẹ́ ẹni tó ń wá oníbàárà, kẹ́ ẹ má sì rí i sójú mọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀kan ṣojú mi. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹni tó ṣe kéèkì dé ẹnu ọ̀nà, òun àti ọmọṣẹ́ ẹ̀ jọ gbé kéèkì alájà mẹ́rin dání. Ó ní ta ló máa gbà á, ta ló máa fọwọ́ síwèé? Ọmọ họ́ọ̀lù kan ní àwọn ò lè gbà á, tó bá wó lọ́wọ́ àwọn ńkọ́? Wọ́n lọ pe máníjà. Máníjà nawọ́ sí tábìlì kan, ó ní ibẹ̀ ni kéèkì wà nínú àwòrán tí wọ́n fún òun, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Abẹ́ fèrèsé ni tábìlì ọ̀hún wà, oòrùn ń wọlé tààrà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún un, torí kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kéèkì kàn. Ìyàwó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é lóge, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń bá a gbé fóònù sì rò pé họ́ọ̀lù ti ń mójú tó o. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, àjà òkè ti ń rọra yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé. Máníjà ò jẹ̀bi o. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ló ṣe. Ẹni tí ì bá wo oòrùn yẹn ni wọn ò gbà.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n gba kọ̀dínétọ̀, wọ́n wá kó ẹrù ilé rù ú. Iná lọ, wọ́n jágbe mọ́ ọn. Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kún, òun ni wọ́n bínú sí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì láṣẹ láti fi ìṣẹ́jú kan lé àkókò yín. Ohun tó lè ṣe ni kó tètè wá máníjà kàn. Bákan náà, tí ọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá máa dí ẹnu ọ̀nà tí èèyàn á gbà sá jáde tí iná bá sọ, tí máníjà ò sì gbà, ẹ má bẹ kọ̀dínétọ̀ pé kó bá yín yọ́ ọ ṣe. Máníjà ló tọ̀nà.

Wákàtí ló máa ń fa ìjà jù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ ka ìwé yẹn dáadáa. Ẹ ní ẹ gba họ́ọ̀lù fún wákàtí 10, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ̀ṣọ́ àti èyí tí wọ́n fi ń palẹ̀ mọ́ wà nínú ẹ̀. Tí ọ̀ṣọ́ bá gba 3, tí ìpalẹ̀mọ́ gba 1, ayẹyẹ ku 6. Ẹni tí ò ṣírò yìí ló máa ń bínú nígbà tí máníjà bá tan gbogbo iná sílẹ̀, tí ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Ẹ ti yan ẹnì kan sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, tó lè sọ pé "Ó dáa, ẹ fi wákàtí kan kún un, a máa sanwó ẹ̀."

Àìjẹ́ kí kọ̀dínétọ̀ àti máníjà rí ara wọn ṣáájú náà burú. Kọ̀dínétọ̀ tẹ́ ẹ gbà fún ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ṣì gbọ́dọ̀ wọnú ọ̀rọ̀ náà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, kó ka gbogbo ìwé àdéhùn, kí òun àti máníjà jọ rìn yí ilé ká. Ibo ni àwọn olórin máa fi wáyà wọn sí, ṣé iná ibẹ̀ á gbé e? Ṣé wọ́n gbà kéèyàn tan àbẹ́là? Tó bá jẹ́ ìta gbangba ni, ta ló máa sọ pé òjò ti ṣú, kí wọ́n kó àga wọlé, aago mélòó ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́? Àga ò ní fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé.

Tówó ò bá ká kọ̀dínétọ̀, ẹ má gbé e fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó yẹ kó wà nínú fọ́tò. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tójú ẹ̀ là, tí kò níṣẹ́ míì lọ́jọ́ náà, ẹ fún un ní ètò àti nọ́ńbà fóònù gbogbo àwọn oníṣẹ́, ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ máníjà pé ẹni tó máa gbẹnu sọ fún yín nìyí.

Ẹni yẹn náà ni kó bá máníjà yí họ́ọ̀lù ká lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá nǹkan bà jẹ́, torí owó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kó ti ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀ àti àga láàárọ̀, káwọn alọ́ṣọ̀ọ́ tó gbé ohunkóhun wọlé. Tí ihò ìṣó bá ti wà lára ògiri kẹ́ ẹ tó dé, fọ́tò àárọ̀ yẹn ni kó nà sí máníjà.