Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Bọ́ Sí Ipele Tí Ó Le Nínú Civilization VI

Ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta tí mo dàgbà sí, mo máa ń dúró lẹ́yìn àwọn àgbà tí ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́, mo sì tètè mọ ohun tí ó ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pẹ. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò 12, ìdajì wà níwájú ọ̀pẹ, ìdajì sì wà níwájú ọ̀ta. Bí ọ̀ta bá jẹ ayò náà, ojú àti ìrònú ni ó fi jẹ ẹ́, nítorí pé ohun kan náà ni a kó fún àwọn méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Èrò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé wọ inú Civilization VI, géèmù tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, níbi tí a ti ń tẹ ìlú dó tí a sì ń bá àwọn ọba tí kọ̀ǹpútà ń darí díje, nígbà tí a bá fẹ́ kúrò ní ipele tí a ti mọ́wọ́ sí. Èrò náà kò bá géèmù yìí mu rárá, òun sì ni ó bí púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn.

Ipele mẹ́jọ ni géèmù náà ní, láti èyí tí ó rọrùn jù lọ dé èyí tí ó le jù lọ: Settler, Chieftain, Warlord, Prince, King, Emperor, Immortal àti Deity. Ní Prince, ohun tí kọ̀ǹpútà ní kò ju ohun tí ẹ̀yin náà ní lọ. Láti King lọ sókè, kọ̀ǹpútà kò gbọ́n ju ti Prince lọ. Ẹrù ni wọ́n dì fún un. Ní Emperor, atẹ̀lúdó (àwọn tí a ń rán lọ tẹ ìlú tuntun dó) méjì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ní ẹyọ kan; ní Deity, mẹ́ta ni. Agbára iṣẹ́ àti owó tí ń wọlé fún un ní Deity fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí ó ti yẹ lọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àṣà rẹ̀ sì ní àfikún ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Agbára ìjà ọmọ ogun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà ní àfikún mẹ́rin. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa wá ọgbọ́n àrékérekè kan tí kọ̀ǹpútà ń lò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fò kọjá ipele. Èmi fò láti Prince sí Deity ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú yàrá mi ní Súrùlérè, nítorí pé mo ti borí ní Prince ní ìgbà mẹ́rin léraléra. Kí ìyípo 50 tó pé, ìyẹn ni pé kó tó kàn mí láti ṣeré ní ìgbà 50, ọwọ́ ọ̀tá ti tẹ olú ìlú mi. Ọmọ aládùúgbò wa kan tí ó jókòó tì mí sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mà ní tafàtafà kankan.” Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ohun tí ó dùn mí jù lọ ni pé mi ò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú eré náà, nítorí pé ó ti parí kí n tó mọ ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ní King, àfikún kọ̀ǹpútà kéré débi pé ẹ óò ráàyè rí àṣìṣe tiyín kedere kí ó tó gba ìlú lọ́wọ́ yín.

Àṣìṣe tí mo rí jù lọ ni ti ọmọ ogun. Ní Prince, ènìyàn lè fi jagunjagun kan ṣoṣo ṣọ́ ilé fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Ní ipele òkè, aládùúgbò yín ti ní ọmọ ogun púpọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí ó bá sì rí i pé ìlú yín ṣófo, yóò wá. Ẹ tètè ṣe oníkànnàkànnà, kí ẹ fi pa ọ̀tá kan. Pípa tí oníkànnàkànnà bá pa ọ̀tá ni ó ń mú kí ìmọ̀ ọfà títa yá fún yín. Tafàtafà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó dúró lórí òkè tàbí lẹ́yìn odò lè dá ẹgbẹ́ ogun tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ dúró, pàápàá bí ìlú bá ti ní odi, nítorí pé odi ni ó ń fún ìlú fúnra rẹ̀ ní agbára láti ta ọfà, jagunjagun tí kò bá sì ní ohun èlò ìfọ́di kì í lè ṣe odi ní nǹkan púpọ̀. Ẹ tún fojú sí àwọn ẹhànnà, ìyẹn àwọn ọ̀tá tí kò sí lábẹ́ ọba kankan. Bí amí wọn bá rí ìlú yín tí ó sì padà sí àgọ́, wọn yóò kó ara wọn wá. Amí náà ni kí ẹ lé mú kí ó tó dé ilé.

Ogun kọ́ ni gbogbo ààbò, ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé sì nìyí: ikọ̀. Ní ìyípo kan náà tí ẹ bá pàdé ọba mìíràn, ẹ rán ikọ̀ sí i. Owó wúrà 25 ni ó ń gbà. Bí ẹ bá fi í falẹ̀, inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́ sí yín, kò sì ní gba ikọ̀ náà mọ́. Bí ó bá gbà á, ẹ máa tọ́jú àárín yín títí tí yóò fi gbà láti bá yín ṣọ̀rẹ́ ní gbangba, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí ìṣọ̀rẹ́ náà bá wà, kò lè kéde ogun sí yín. Mo ka èyí sí owó tí a fi ń ra àkókò, àkókò sì ni ohun tí ó wọ́n jù lọ ní ipele òkè.

Ẹ má ṣe lépa àwọn ilé àràmàǹdà, ìyẹn àwọn ilé ńlá tí ẹnì kan ṣoṣo lè kọ́ nínú eré kan, ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n wuyì, mo sì mọ bí inú ènìyàn ti ń dùn tó nígbà tí Stonehenge bá yọ lójú ilẹ̀. Ní Deity, ẹni tí agbára iṣẹ́ rẹ̀ ní àfikún ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ń bá sáré, ìyípo tí ẹ sì lò lórí ilé tí ẹlòmíràn kọ́ parí kò ní padà bọ̀.

Atẹ̀lúdó ni kí ẹ fi ìyípo wọ̀nyẹn ṣe. Àwọn kan ń bẹ̀rù nítorí pé atẹ̀lúdó kọ̀ọ̀kan ń dín ènìyàn kan kù nínú ìlú, wọ́n á sì dúró sí ìlú méjì títí kọ̀ǹpútà yóò fi gba gbogbo ilẹ̀ tí ó dára. Nígbà tí ẹ bá ti ní ìlànà Colonization, tí ó ń fi ìdajì kún agbára iṣẹ́ lórí atẹ̀lúdó, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń lépa ìmọ̀, ẹ tẹ ìlú dó sí ẹ̀bá òkè ńlá, nítorí pé òkè kọ̀ọ̀kan tí ó bá fara kan àgbègbè Campus, ìyẹn àgbègbè ìmọ̀ nínú ìlú, ń fi kún sáyẹ́ǹsì yín.

Èyí mú mi dé orí ọ̀nà ìṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá fẹ́ dára nínú sáyẹ́ǹsì, ẹ̀sìn, àṣà àti ogun lẹ́ẹ̀kan náà yóò gbẹ̀yìn nínú gbogbo wọn, nítorí pé kọ̀ǹpútà ní àfikún nínú gbogbo wọn. Ẹ yan ọ̀kan kí ìyípo 100 tó pé. Nígbà tí ẹ bá sì wo máàkì eré tí ẹ rí pé ti àwọn ọba kọ̀ǹpútà jẹ́ ìlọ́po méjì tiyín, ẹ má ṣe pa eré náà tì kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹrù ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ń wò. Kọ̀ǹpútà kì í mọ bí a ti ń ná an dáadáa, mo sì ti lé e bá nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ìyípo 150.

Ẹ má sì yí ohun mìíràn padà pẹ̀lú ipele. Ọ̀rẹ́ mi kan bọ́ sí Emperor, ó tún yí ìyára eré kúrò ní èyí tí ó jẹ́ ìyípo 500 sí èyí tí ó jẹ́ 330, ó sì tún gba àwòrán ilẹ̀ tí ó kún fún erékùṣù. Nígbà tí ó pàdánù, kò mọ èyí tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó padà sí ìyára àti ilẹ̀ tí ó ti mọ̀, ó fi Emperor nìkan sílẹ̀, ó sì rí i ní ìyípo 40 péré pé ìlú kan ṣoṣo ni òun ní nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti ní mẹ́rin.