Ibi tẹ́ ẹ ti lè jẹun yó lówó pọ́ọ́kú
Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sẹ́yìn Ọbántòkò àti Àdìgbẹ́ nílùú Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ Pánṣẹ́kẹ́ torí oúnjẹ ọ̀sán o, owó ọkọ̀ á ti jẹ owó ẹran. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ bi àwọn bíríkìlà àtàwọn ọlọ́kadà níbi tí wọ́n ti ń jẹun, torí oúnjẹ tí ò bá yó àwọn yẹn, wọn ò ní padà síbẹ̀. Bùkà bẹ́ẹ̀ kò ní sáínbọ́ọ̀dù o, páànù àti bẹ́ǹṣì lásán ni, àmọ́ láfún funfun báláú pẹ̀lú ewédú ń bẹ ńbẹ̀, ṣebí Ẹ̀gbá ni wá. Ẹ tètè débẹ̀, tó bá fi máa di aago méjì, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń ha. Ẹ béèrè iye ẹran kó tó wọ abọ́, òun gan-an ló ń gbówó lórí, pọ̀nmọ́ náà dáa. Kẹ́ ẹ sì wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tó bá ti dúdú, ẹ máa lọ jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Káńpù sí Àlàbàtà ní tiyín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín, ti bá yín já owó oúnjẹ wálẹ̀, àfi tí wọ́n bá lọ họlidé tí ọ̀pọ̀ bùkà á tì pa.