Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yí èdè padà nínú Word

Bí ìlà pupa kọ́lọkọ̀lọ tí Word, ètò ìkọ̀wé Microsoft, ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó rò pé àkọtọ́ rẹ̀ kò dára bá ti bo ojú ìwé, ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré wá ibi tí wọ́n bá ti rí Language, wọ́n á tẹ ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì máa retí pé kí nǹkan dára. Nígbà mìíràn, á dára díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo mẹ́nù á di èdè Jámánì, ìlà pupa á sì wà níbẹ̀ digbí.

Èdè inú Word kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni, ó kéré tán. Èkíní ni èdè tí mẹ́nù àti bọ́tìnnì fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Èkejì ni èdè tí a kọ mọ́ ọ̀rọ̀ yín lára, òun ni Word ń wò kó tó sọ pé àkọtọ́ yín kò dára. Kíbọọ̀dù tí ẹ fi ń tẹ̀wé tún jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Agbègbè tí ẹ yàn nínú Windows ni ìkẹrin, tó ń pinnu bí nọ́ńbà àti ọjọ́ yóò ṣe rí. Ẹni tó bá ń tún ọ̀kan ṣe nígbà tó jẹ́ pé òmíràn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wàhálà lásán ló ń ṣe.

Ẹ má yí èdè mẹ́nù padà nítorí ìlà pupa

Bí ẹ bá lọ sí File, tí ẹ wọ Options, tí ẹ tẹ Language, apá méjì lẹ ó rí. Apá kan wà fún èdè tí Office (àkójọ ètò tí Word wà nínú rẹ̀) fi ń hàn sí yín, èkejì wà fún èdè tí ẹ fi ń kọ̀wé. Apá ti àkọ́kọ́ kò kan ìlà pupa rárá, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá yí i padà tí ẹ sì pa Word kí ẹ tó tún un ṣí, ọ̀nà àbọ̀ á wà ní èdè tí ẹ lè má gbọ́. Ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó dán an wò. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ ná, ẹ fọkàn balẹ̀: orúkọ ló yí, ipò kò yí. File ṣì ni ti àkọ́kọ́ lápá òsì lókè, Options ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá, àfi bí ẹ bá yan èdè tí a ń kọ láti ọ̀tún bí i Lárúbáwá, tí gbogbo rẹ̀ á yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ní ti Mac, Word ń tẹ̀ lé èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nínú System Settings, lábẹ́ Language & Region, ẹ lè yan èdè fún Word nìkan.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn títí ìwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ká ní ẹ ti fi àkọlé sábẹ́ àwòrán mẹ́jọ nípasẹ̀ Insert Caption, láti Figure 1 dé Figure 8, kí ẹ tó yí mẹ́nù sí èdè Jámánì. Àwòrán tó kàn kò ní jẹ́ Figure 9. Abbildung 1 ni yóò jẹ́, nítorí èdè mẹ́nù ni Word fi ń sọ àkọlé lórúkọ, orúkọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òǹkà tirẹ̀. Bí ẹ bá wá ní kí Word to àwọn àwòrán jọ níwájú ìwé, àwọn tó ń jẹ́ Figure nìkan ni yóò kó wá. Ohun tó dára jù ni kí ẹ tẹ New Label láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ Àwòrán síbẹ̀, kí ẹ sì máa lo òun nìkan. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ kò ní bá mẹ́nù yí.

Ẹ má rò pé fáìlì ló ní èdè

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, mi ò sì ní yára kúrò níbẹ̀. Èdè tí Word fi ń yẹ àkọtọ́ wò kì í ṣe ti fáìlì lódindi, ara ọ̀rọ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ tàbí ìtóbi lẹ́tà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá tú ikùn fáìlì .docx, ìyẹn fáìlì Word, wò, ẹ ó bá àmì kan tó ń jẹ́ w:lang níbẹ̀, pẹ̀lú en-US, fr-FR tàbí yo-NG níwájú rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lè ru mẹ́ta irú rẹ̀, kó má sì hàn sójú rárá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹnì kan kọ colour sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kò sí ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ colour kan náà sí ìpínrọ̀ kẹta, ìlà pupa yọ. Ó ní Word ti ya wèrè. Word kò ya wèrè: Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba ni wọ́n kọ mọ́ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ti Amẹ́ríkà, tó ń kọ ọ́ ní color, ni wọ́n kọ mọ́ ẹ̀kẹta. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ, ẹ fi àmì tó ń ṣẹ́jú sínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ fèrèsé Word lápá òsì. Orúkọ èdè wà níbẹ̀. Ẹ gbé àmì náà lọ sí ìpínrọ̀ mìíràn, ẹ ó rí i bí orúkọ náà bá yí padà.

Ta ló wá kọ èdè mìíràn mọ́ ọn? Kíbọọ̀dù ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí Windows, ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ bá tẹ̀ sábà máa ń gba èdè kíbọọ̀dù tó wà lójú iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ lè yan Gẹ̀ẹ́sì ti Ìlú Ọba fún gbogbo ìwé láàárọ̀, bí kíbọọ̀dù yín bá ṣì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ohun tí ẹ bá tẹ̀ lọ́sàn-án á tún di ti Amẹ́ríkà. Ẹ tún máa ṣọ́ra fún Alt pẹ̀lú Shift, nítorí ọwọ́ lè ṣèèṣì tẹ méjèèjì pọ̀ kí kíbọọ̀dù sì yí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kó wá láti inú ìwé ẹlòmíràn náà ń gbé èdè tirẹ̀ bọ̀. Bí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiyín, ẹ yan Keep Text Only, kó lè gba èdè ibi tó dé.

Àwọn kan mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn yan gbogbo ìwé kí àwọn tó lọ sí Review, Language, Set Proofing Language. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ctrl pẹ̀lú A kì í dé ibi gbogbo. Kò kan àkọlé orí ewé, kò kan ìsàlẹ̀ ewé, kò kan àlàyé ìsàlẹ̀ tàbí àpótí ọ̀rọ̀, nítorí náà àwọn wọ̀nyẹn á dúró sí èdè wọn àtijọ́. Ẹ ní láti wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fún ìwé gígùn, ó sàn kí ẹ tún Normal, ìyẹn style (ìlànà ìrísí ọ̀rọ̀) tó jẹ́ ìpìlẹ̀, fúnra rẹ̀ ṣe: ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀ láàárín àwọn Styles, ẹ yan Modify, Format, Language. Púpọ̀ nínú àwọn style yòókù ló ń jogún èdè lára rẹ̀.

Nínú àpótí Set Proofing Language, Set As Default wà níbẹ̀. Ìwé tuntun ni ó wà fún. Kò wúlò fún fáìlì tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, ẹni tó bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ fún iṣẹ́ oríṣiríṣi ń da ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀la rú ni. Detect language automatically náà wà níbẹ̀. Ní tèmi, bí ẹ bá ń da èdè méjì pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan, ẹ yọ àmì kúrò lójú rẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú kì í fún un ní ohun tó tó láti fi mọ èdè.

Ẹ má pa olùyẹ̀wò lẹ́nu mọ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tí ìlà pupa ti sú á yan gbogbo ìwé, wọ́n á fi àmì sí Do not check spelling or grammar, ojú ewé á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àmì yẹn náà lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lára. Bí ẹlòmíràn bá gba fáìlì náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, Word á kàn fo ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ni, àṣìṣe á sì jókòó síbẹ̀ títí wọn ó fi tẹ ìwé jáde. Bí ìlà pupa ló ń dí yín lójú, ẹ lọ sí File, Options, Proofing, kí ẹ fi àmì sí Hide spelling errors in this document only. Ìyẹn ń fi ìlà pa mọ́, kò dí olùyẹ̀wò lọ́wọ́.

Add to Dictionary tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó dà bí ohun rere. Ẹ ń kọ Yorùbá nínú ìwé tí a kọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lára, Word fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí i fo, ẹ sì fi í kún ìwé atúmọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọwọ́ yín bá yọ̀ tí ẹ kọ fo níbi tí ẹ fẹ́ kọ of, Word kò ní wí nǹkan kan. Èdè ni kí ẹ tún ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé atúmọ̀ yẹn wà fún orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi.

Ohun tí yíyan èdè kò lè ṣe

Kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yan Faransé fún ìpínrọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni, ìlà pupa ló máa pọ̀ sí i. Kì í sì í fún yín ní ẹ tàbí ṣ. Yíyan Yorùbá nínú Word kò mú lẹ́tà kankan wá sórí kíbọọ̀dù. Inú ètò Windows lẹ ó ti fi kíbọọ̀dù Yorùbá kún un. Ó sì lè jẹ́ pé irinṣẹ́ ìyẹ̀wò fún èdè tí ẹ yàn kò tíì sí lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ wo àtòkọ èdè nínú àpótí Set Proofing Language: èyí tí àmì ABC bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Word lè yẹ̀ wò. Bí ìlà pupa bá pòórá nígbà tí ẹ yan èdè tí kò ní àmì yẹn, kì í ṣe pé àkọtọ́ yín pé o.

Àmì àyọlò náà ń bá èdè lọ, torí náà ẹ má yà á sí idán bí « » bá yọ lójijì níbi tí ẹ kọ Faransé mọ́. Ní ti nọ́ńbà, ètò agbègbè Windows ni kí ẹ lọ wò bí Word bá ń ka 2,5 sí ohun mìíràn nínú ìṣirò inú tábìlì.

Kí ẹni tó ń lo LibreOffice Writer, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ṣọ́ For the current document only níbi ètò èdè nínú Tools, Options. Bí kò bá fi àmì sí i, èdè gbogbo ìwé tuntun tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà ló ti yí padà. Ní Google Docs, File, Language kò kan mẹ́nù, inú àkántì Google ni èdè mẹ́nù wà.

Fún ìwé tó ti dàrú tẹ́lẹ̀, tí èdè mẹ́ta ti wọnú ara wọn lójú ewé igba, ẹ má jókòó máa ka ìlà pupa. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú H, ẹ tẹ More, ẹ fi àmì tó ń ṣẹ́jú sínú Find what láìkọ ohunkóhun síbẹ̀, kí ẹ sì lọ sí Format, Language láti yan èdè tí ẹ kò fẹ́. Ẹ ṣe bákan náà nínú Replace with fún èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lo Find Next díẹ̀ ná kí ẹ tó tẹ Replace All, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn gbólóhùn Faransé kan jẹ́ Faransé lóòótọ́.