Bí mo ṣe kán oògùn ojú fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná tí dókítà ń tàn sójú ọmọ ló le jù. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú níbí, oògùn tí a ń kán ṣáájú iná yẹn ni mo máa ń ṣọ́ jù.

Ọ̀sẹ̀ 29 ni wọ́n bí ọmọ yìí, kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ó sì ti lo ọ́síjìn. Irú wọn, òpó ẹ̀jẹ̀ kò tíì dàgbà dé etí awọ ẹ̀yìn ojú nígbà tí wọ́n dáyé. Ó lè wá máa hù ségesège, kó fa awọ ẹ̀yìn ojú kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, kí ojú sì fọ́. Ohun tó fọ́ ojú Stevie Wonder nìyẹn, olórin Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1950. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ojú wọn wò bí wọ́n bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mo ní kí ìyá ọmọ dá ọmú dúró fún bíi wákàtí kan, kó má baà bì. Mo ka ara ìgò dáadáa: phenylephrine 2.5%, cyclopentolate 0.5%. Phenylephrine ti àgbàlagbà wà tó jẹ́ 10%. Ìyẹn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ báyìí rárá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ á ròkè. Ọ̀kan ń fa iṣan tó ń ṣí ọmọlójú, èkejì ń dẹ iṣan tó ń pa á dé, kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ojú.

Mo fi aṣọ wé e tapá-tapá. Mo rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, mo kán ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyókù ń dà sẹ́rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn kan ti máa ń fi iṣẹ́ náà ṣeré: awọ ọmọ yìí fẹ́lẹ́, oògùn tó bá kù síbẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀. Mo fi òwú nù ún kíá, mo sì fi ìka tẹ igun ojú tó kángun sí imú, kó má baà gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ìyá àgbà tó wá láti Ìgbógbó kò gbádùn rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójú bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ ké.”

Ó ké lẹ́yìn náà o. Oògùn yẹn máa ń ta.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún un kán. Ojú dúdú bíi tiwa kì í tètè ṣí, torí dúdú inú ẹyinjú máa ń di oògùn mú. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn máa kán an lọ ni. Mo dúró. Mo dín iná yàrá kù, mo ń wo ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn àti èémí, torí èémí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dáwọ́ dúró lójijì. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ọmọlójú ti gbòòrò débi pé àwọ̀ tó yí i ká kù bí òwú ìránṣọ. Iná bà á, kò sún kì.

Dókítà kán oògùn tí kì í jẹ́ kó dùn ún, ó fi irin ṣí ìpéǹpéjú, kò sì pẹ́ rárá. Àìsàn kankan kò tíì sí, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé etí: kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ẹ tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Mo bo ojú ọmọ kúrò nínú iná. Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ọmú, nítorí oògùn yìí lè mú kí ìfun lọ́ra. Bí inú bá wú, tàbí tí ọmọ ń bì, kó pe ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má dúró dè mí.